Igi Tí Mo Ní Nínú Ọ̀sà



Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo lọ sí èbúté ọ̀sà láti ra ẹja. Ìyá kan to epìyà mẹ́rin sínú abọ́, owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹja ni tàbí wúrà?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ lọ bi omi." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò dé ikùn. Ìtàn kan wà láàárín èmi àti omi yẹn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìdajì rẹ̀ ni ìyàwó mi mọ̀.

Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, abúlé orí omi kan ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Èmi ọmọ Nàgó, tí ìyá mi kò jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ọ̀sà ní kékeré, mo dé ibi tí ọmọ ọdún méje ti ń fi ọ̀pá darí ọkọ̀ wá sí ilé ìwé. N kò mọ omi wẹ̀. Títí dòní n kò mọ̀ ọ́n, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ń sọ Tófìn àti Gùn, èmi ń fi Faransé kọ́ wọn, Nàgó ni mo sì fi ń gbàdúrà nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá mì.

Ọmọkùnrin kan wà ní CM1 mi tó mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ta ló ń kọ́ ọ nílé. Ó ní kò sẹ́nì kan, pé òun ni òun ń ka ẹja fún ìyá òun bí bàbá òun bá ti odò dé, òun náà ló sì ń pín in: ti títà, ti yíyan, ti jíjẹ, ti gbèsè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ ọdún mọ́kànlá ń pín ẹja lójúmọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ní í wá, nítorí pé òun ló jókòó sí ìdí ọkọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ dúró níwájú tó ń ju àwọ̀n. N kò bá a jà. Mo rí i pé iṣẹ́ yẹn náà, ilé ìwé ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àkájà fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbé lẹ́bàá ọ̀sà. (Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín: omi Ọ̀párá àti omi Wẹ̀mẹ̀ tó ń kọjá lágbègbè yín, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń ṣàn bọ̀.) Omi ọ̀sà wa kò jìn. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀pọ̀ ibi, kò kọjá àyà àgbàlagbà. Apẹja á wá kó ẹ̀ka igi, á máa ri wọ́n mọ́ ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sún mọ́ra bí irun orí. Láìpẹ́ ohun tútù wẹ́wẹ́ á hù sára igi náà, ẹja á wá máa jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsápamọ́, á sì bímọ síbẹ̀, pàápàá epìyà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n á fa igi tu, wọ́n á kó ẹja. Ọgbọ́n àwọn baba wọn ni. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, onímọ̀ ẹja kan, Robin Welcomme, wá wo iṣẹ́ yìí fínnífínní, ó sì tẹ ìwé jáde lé e lórí ní 1972. Ohun tó rí ni pé ẹja tó ń jáde nínú hẹ́kítà kan àkájà pọ̀ fíìfíì ju èyí tí omi gbalasa ń mú wá lọ.

Nítorí náà, àkájà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé igi kì í hù lójú omi. Rírà ni wọ́n ń rà á, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e wá, ó ń jẹrà, wọ́n sì ń fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àkájà ńlá gbọ́dọ̀ ní owó tí kò ní í fọwọ́ kàn fún oṣù púpọ̀. Apẹja tó ń pín ẹja òní sí mẹ́rin, níbo ló ti máa rí irú owó bẹ́ẹ̀? Ní ojú òfin, omi jẹ́ ti ìlú, kò sẹ́ni tó ní ìwé rẹ̀. Lójú omi, ẹni tó bá ti ri igi ló nibẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá ju àwọ̀n síbẹ̀, olè ni wọ́n ń pè é, kódà bí bàbá rẹ̀ bá ti ń ju àwọ̀n síbẹ̀ kí wọ́n tó bí onígi.

Níbo ni owó náà ti ń wá? Láti orí ilẹ̀ ni. Láti ọwọ́ oníṣòwò, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Kútọnu. Láti ọwọ́ mi pẹ̀lú.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló fi ọ̀nà náà hàn mí. Ẹ mọ owó oṣù olùkọ́. Mo gba owó àjọ, 150.000 sẹ́fà, mo kó o lé àna rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dá mi pọ̀ mọ́ àkájà kan tí èèyàn bíi mẹ́fà jọ ní. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ wo ibẹ̀. Mo rí igi tó lọ títí, mo rí aṣọ pupa kan tí wọ́n so mọ́ òpó tó wà ní igun kí àwa onígi lè dá tiwa mọ̀. Mo ní ó dára. Nígbà tí wọ́n kó ẹja àkọ́kọ́, owó mi di ìlọ́po méjì. Mo fi ra alùpùpù. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ alùpùpù yẹn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan tí a kò ní kíláàsì, bàbá ọmọ náà wá bá mi. Ó gbé akàn dání, mẹ́fà, ó so wọ́n pọ̀. Ó gbọ́ Nàgó díẹ̀ nítorí pé àwọn ìyá wa ní Àjàṣẹ́ ló ń tajà fún. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ní Faransé." Mo mú ìwé, mo mú bíró. Ó ń sọ, mo ń kọ. Ó ní ibi tí bàbá òun àti bàbá bàbá òun ti ń ju àwọ̀n, wọ́n ti fi igi dí i. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gba ọkọ̀, àfi kí òun yí po kí òun tó dé omi gbalasa, àwọ̀n òun sì ti ya lẹ́ẹ̀mejì lára igi tó wà nísàlẹ̀ omi. Ó ní àwọn tó ni igi náà kì í gbé orí omi. Mo bi í pé kí ó júwe ibẹ̀ dáadáa, kí àwọn tó máa ka lẹ́tà lè mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ bá ilé tó kẹ́yìn kọjá, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rí òpó tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́."

Bíró dúró lọ́wọ́ mi.

N kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, pé màá fi Faransé tó dán mọ́rán tún un kọ. Ó dúpẹ́. Mo gba akàn náà, a sì sè é jẹ.

Lẹ́tà yẹn kò jáde kúrò nínú ìwé mi. Ó béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní mo ní ó kù díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní aláṣẹ tó yẹ kó gbà á ti rìnrìn àjò. Nígbà tí a wọlé ọdún tuntun, mo ka orúkọ, ọmọ náà kò dáhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ilé wọn ti lọ sí Èkó, sí Makoko, lọ́dọ̀ àwọn Ègùn ẹbí wọn tó ti ń pẹja níbẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù keje 2012, tí ìjọba Èkó wó apá kan Makoko, mo jókòó ti rédíò, mo ń fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n á dárúkọ ẹnì kan. Rédíò kì í dárúkọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo ta ìpín mi lẹ́yìn náà. Ẹ má yìn mí: ilé ni mo fẹ́ kọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí lórí ọ̀rọ̀ apẹja. Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí ẹja pípa àti ẹja sísìn láti 2014. Ní ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé lábẹ́ FAO fọwọ́ sí ìlànà kan fún àwọn apẹja kéékèèké. Ó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ tí àwọn apẹja jogún lórí omi wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpinnu tó kàn wọ́n. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tiẹ̀ fi ọdún 2022 dá wọn lọ́lá. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni gbogbo rẹ̀. Èdè Faransé ni mo fi kà á. N kò tíì rí ojú ìwé kan ṣoṣo lédè Gùn tàbí Nàgó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni létí omi.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tu àkájà kúrò lójú ọ̀sà, pẹ̀lú àwọn àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tó ń kó ọmọ ẹja àná. Mo mọ ìdí rẹ̀. Igi tó jẹrà ń kún ìsàlẹ̀ omi, ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, igbó etí odò sì ti ń tán lọ. Bí wọ́n bá tu irú tiwa, ti olówó orí ilẹ̀, n kò ní í sunkún. Àmọ́ ìyá opó kan wà tó ri ẹ̀ka igi tó tó ẹní méjì sí iwájú ilé rẹ̀, òun náà, àkájà ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún òun àti fún ẹni tó gba agbègbè tí ọkọ̀ ń fi wákàtí kan yí po. Bí òfin kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, olówó á kó owó rẹ̀ lọ sínú nǹkan mìíràn, ìyá opó á kó lọ sí Makoko. Ohun tí èmi rò ni pé kí wọ́n tó tu igi kan, kí wọ́n sì tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ri òmíràn, kí wọ́n jókòó ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà apẹja nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń ju àwọ̀n sí, kí ẹnì kan sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn Faransé ló gé ilẹ̀ ní Kútọnu ní 1885, tí omi òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ̀sà. Iyọ̀ dé, ẹja yí padà, iṣẹ́ yí padà. N kò rò pé ẹnì kan bi apẹja nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Sátidé yẹn. Mo ti san owó ẹja mi nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ìyá náà gbé abọ́ tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Mẹ́tìrì! CM1!" Ó ga jù mí lọ báyìí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ti di ti Èkó pátápátá. Ó ní ó ti pé ọdún méjì tí òun ti padà wá sí abúlé, pé bàbá òun kú sí Èkó. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń ju àwọ̀n ti kó ara wọn jọ, wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ kí ẹlòmíràn má baà tún lọ dí ibẹ̀ nísinsìnyí tí igi ti kúrò. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa bá wa kọ ọ́, ṣebí ẹ mọ Faransé."

A jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mo sọ fún un. Mo sọ ti aṣọ pupa, mo sọ ti alùpùpù, mo sọ ti akàn mẹ́fà. Ohùn mi kò lọ sókè.

Ó dákẹ́, ó ń wo omi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mẹ́tìrì, bàbá mi mọ̀. Ẹni tó ń bá yín ṣọ́ igi ló sọ fún un. Ìdí tó fi wá bá yín nìyẹn. Kì í ṣe nítorí Faransé."

Ó wá na bíró sí mi.