Kọfí Àwọn Bàbá Wa, láti Kábà dé Bàrígà

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní Ṣómólú, níbi tí kò ti sí ọjà kan tí wọn ò lè bá èèyàn tẹ páálí rẹ̀. Kọfí ni mò ń yàn báyìí ní Bàrígà, Ṣómólú ni mo sì ti ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí mò ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni mo ti kó o wá. Bí mo bá sọ pé agbègbè Kábà ni, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹnu máa ń yà wọ́n. Ó máa ń dùn mí, torí pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa.

Ní 1887, nígbà tí Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tí kò jìnnà sọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n ń hu kọfí, kòkó àti obì níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáko. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rúndún yẹn ṣe ń parí lọ, Brazil da kọfí bo ọjà ayé, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Kòkó àti obì ló gba iwájú lóko àwọn ará Èkó tó lọ dáko sí Agége.

Kọfí kò tìtorí ìyẹn parun. Robusta, èyí tó lè hù nílẹ̀ tí kò ga, rí àyè lóko àwọn àgbẹ̀ ní Oǹdó, Èkìtì àti Kábà. Arabica tirẹ̀ wà lókè Mambilla. Bàbá mi gbin tiwọn sábẹ́ ọ̀pẹ àti ìrókò, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín. Ibòji yẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó igi, ewé tó ń já sílẹ̀ ń jẹrà, ilẹ̀ ń tutù, a sì ń rí oúnjẹ jẹ nínú oko kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Robusta kì í fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ so. Oríṣiríṣi igi ló gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń rọ àwọn àgbẹ̀ láti ṣe lónìí, ó wà lóko bàbá mi.

Síbẹ̀, bàbá mi kò fẹnu kan kọfí wọn rí. Kòkó Bọ́ọ̀dù ló ń rà á, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e lọ. Nígbà tí òtútù pa kọfí Brazil ní oṣù Keje 1975, owó gun òkè fáwọn tó ń tà á lágbàáyé. Ní 1986, ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká. Ní 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń díwọ̀n kọfí tó ń wọ ọjà ayé fọ́, owó sì wálẹ̀ tó ìdajì. Alárọ̀óbọ̀ kan kó àpò kọfí bàbá mi lọ láwìn, a ò rí i mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gé igi wọn, wọ́n gbin kajú. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń mu ohun tó gbìn, kò lè dá owó lé e.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yan kọfí nílé. Èso tó pọ́n nìkan ni mò ń san owó gidi lé. Èyí tí wọ́n ya ní tútù máa ń korò, ó sì máa ń ní òórùn koríko. Wọ́n ń sá a fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lórí wáyà tí wọ́n nà sókè, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá bó o tán, èèpo rẹ̀ ń padà sí ìdí igi. Bí mo bá dà á sínú ìlù irin lórí gáàsì, etí ni mo fi ń ṣọ́ ọ: ó máa ń ta bí gúgúrú. Láàárín ìgbà tó bá ta àti ìgbà tó bá jó, àyè kò pọ̀. Ẹni tó bá ń dáhùn fóònù lásìkò yẹn ti pàdánù owó rẹ̀.

Ní Uganda, àwọn olóko kékeré ló ń gbin ọ̀pọ̀ jù lọ kọfí wọn, Robusta ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Ethiopia, àwọn àgbẹ̀ Oromia kó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn jọ ní 1999 kí wọ́n lè máa ta kọfí fúnra wọn. Kò sí ohun tó ní kí ti Kábà má rí bẹ́ẹ̀, àfi pé àwa tó wà nítòsí kì í rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi kọfí àgbà lóko ìdílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u. Ẹ gé e kù níwọ̀n orúnkún, kí ẹ fi ọ̀mùnú méjì tàbí mẹ́ta tó bá lágbára sílẹ̀, yóò tún so. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń mu kọfí l'Ékòó, ẹ máa bi ẹni tó ń tà á fún yín pé oko ta ni ó ti wá.