Ládìípọ̀ rèé o: ibi tí ọlọ́kọ̀ ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀, tó tún ń ra wàhálà mọ́ ọn

Kò sí ọlọ́kọ̀ kan l'Ékòó tí kò mọ Ládìípọ̀. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀ ti bá a débẹ̀, owó ẹ̀ sì ti ṣáájú ẹ̀ lọ. Ní Múṣin lọjà ọ̀hún wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá. Òórùn ọ́ìlì dúdú ló kọ́kọ́ máa ń pàdé àlejò, lẹ́yìn náà ni ariwo. Ẹ́ńjìnnì tò sílẹ̀ bí ẹní to iṣu lọ́jà Mile 12, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kọ́ bí aṣọ, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, jíà, radiétọ̀, títí dórí ọkọ̀ tí wọ́n ti gé sí méjì láti ìlú òyìnbó kí wọ́n tó kó o sínú kọntéínà.

Kí èèyàn tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọkùnrin kan ti yí i ká. "Alhaji, kí lẹ ń wá?" "Mummy, Camry ni àbí Corolla? Ẹ wá níbí jàre!" Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ò ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mú oníbàárà lọ bá ọlọ́jà, kí wọ́n sì gbé owó tiwọn lé e lórí. Ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn fi Yorùbá bú wọn o, tórí ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n á sì fi dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n bá pe iye kan, ẹni tó mọ ọjà lè gbà á ní ìdajì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ná ni yóò san án pé.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ ara ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ èdè ọjà. Kì í sábà jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe Camry ni wọ́n fi ń pè é ní Ládìípọ̀. Orobo ni ti ọdún 1992 sí 1996, Big Daddy ni ti 2002 sí 2006, Muscle ni ti 2007 sí 2011, Spider ló tẹ̀lé e. Honda Accord náà ní oríkì tiẹ̀: Bullet, Baby Boy, End of Discussion, títí dórí èyí tó jáde ní 2008 tí wọ́n sọ ní Evil Spirit. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó. Big Daddy kan wà tó jẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, òmíràn jẹ́ mẹ́fà, ẹ̀yà ti ọ̀kan kì í sì í bá ìkejì mu. Sẹ́ńsọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì, kó jẹ́ pé ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ ló yàtọ̀. Ìyẹn ni àwọn tó ti jìyà ẹ̀ rí ṣe máa ń ya èyí tó bàjẹ́ kúrò lára ọkọ̀, tí wọ́n á wé e sínú ọ̀rá, tí wọ́n á gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹni tó bá fẹnu lásán júwe ẹ̀ lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ládìípọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun àti tòkúnbọ̀. Níbòmíràn láyé, tuntun ló níyì. Ní Ládìípọ̀, èyí tí òyìnbó ti lò tó sú u ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fọkàn tán ju èyí tó wà nínú páálí lọ, tórí ayédèrú pọ̀, páálí tó dáa ò sì ṣòro láti tẹ̀. Bíréèkì ayédèrú á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa ládùúgbò. Ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, tí tírélà wà níwájú ẹ̀, ni yóò mọ ohun tó rà. Ní ti ohun tó bá jẹ mọ́ iná, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti sọ tẹ́lẹ̀: bó o bá ti gbé e lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Láyé ìgbà kan, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í da ara wọn láàmú, mẹkáníìkì ni wọ́n ń gbé e fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tó wà ní nǹkan bíi ₦185 fò sókè di ₦488 l'Ékòó, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti lé ní ₦900. Ẹni tó ń fọkọ̀ ṣe kábúkábú, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró, oúnjẹ ilé dúró nìyẹn. Ni kálukú bá ra sípánà, wọ́n gbé fóònù síwájú, wọ́n ń wo bí òyìnbó ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì. Òyìnbó á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tú tiẹ̀, nọ́ọ̀tì ẹ̀ á máa dán. Ti ará Ékòó ti dógùn-ún, wọ́n ti fi sípánà tí kò bá a mu yí orí ẹ̀ dànù. Bó bá wá kán sínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọ̀sán kan di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò náà tún ń dá kún un. Ó lè ní sẹ́ńsọ̀ ni, kí wọ́n rà á, kí wọ́n fi í sí i, kí iná pupa ṣì máa wo ọlọ́kọ̀ lójú. Ẹ̀rọ yẹn ò sọ pé ẹ̀yà yìí bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan ò lọ déédéé lágbègbè ibẹ̀. Ó lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, ó lè jẹ́ rọ́bà tó ti ya tí afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé.

Ti tamọ́sítáàtì ló burú jù. Ohun tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó nìyẹn, kó tó ṣí i fún radiétọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbóná, mẹkáníìkì á ní, "Ẹ yọ ọ́ dànù, ti òyìnbó tó ń gbénú òtútù nìyẹn." Wọ́n á yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ò ní í tètè gbóná mọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé òtútù ló ń mú un, á máa da epo sí i. Ọlọ́kọ̀ á wá máa bú ilé epo.

Àwọn kan ò sì dúró lórí àtúnṣe, wọ́n fẹ́ yí ọkọ̀ padà pátápátá. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láìṣe àtúnṣe sí ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà méjèèjì ò ní í bára mu, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá ṣí iwájú ọkọ̀ wò, àlàyé á gùn. Ẹni tó lẹ gíláàsì dúdú mọ́ ọn, òfin tó ka ìyẹn léèwọ̀ láìgbàṣẹ ti wà láti ọdún 1991.

Èyí tó lè gbẹ̀mí ni ti gáàsì CNG tí ọ̀pọ̀ ń sá lọ bá nítorí ọ̀wọ́n epo. Agbára tí wọ́n fi ki gáàsì náà sínú sìlíńdà tó ìlọ́po igba agbára afẹ́fẹ́ tó wà láyìíká èèyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù nílé epo kan ní ìlú Benin, èèyàn mẹ́ta fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé wọ́n ti fi iná wẹ́dà jó sìlíńdà ọ̀hún, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni kó gbé e lọ, kó má gbé e fún wẹ́dà àdúgbò.

Ẹni tó bá sì ń lọ sí Ládìípọ̀ lọ́la, kó gbé ògbólógbòó dání, kó wá ẹni tó mọ ọjà mú lọ, kó gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà lórí ẹ̀, kó sì dúró kí wọ́n dán an wò níṣojú ẹ̀. Bó ti wù kó rí, bó bá ti ń lọ, ọlọ́jà á juwọ́ sí i: "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ́ padà wá o!" Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà, ó mọ irú ọkọ̀ tí oníbàárà ẹ̀ ń wà ni.