Òjò Pa Ìwé Tí Mo Kọ Ọ̀rọ̀ Méjìlá Sí

Ní ayé àtijọ́, àwọn baba wa a máa ri owó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá kú láìfi ojú ibẹ̀ han ọmọ, owó náà di ti ilẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, díẹ̀ ló kù kí irú rẹ̀ ṣe èmi náà, bẹ́ẹ̀ n kò tíì kú, n kò sì ri owó mọ́lẹ̀.

Tíṣà ni mí. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi ra bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto dá sílẹ̀ ní ọdún 2009. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi ra ilẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí mo ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 12 hàn mí, ó ní kí n kọ wọ́n sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Mo fi tàdáwà pupa kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ kíláàsì, mo sì jù ú sínú àpótí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé bí owó bá ti wọlé, àdírẹ́sì mi a yí padà. Mo ní olè ti dé! Àbúrò mi tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jáyà. Bí gbogbo ènìyàn bá ń san owó sí ojú kan, ẹni tí ó bá mọ ojú náà yóò máa ka owó yín." Ó ní nígbà àkọ́kọ́, àwọn kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́sì kò bá ara wọn tan. Àpamọ́wọ́ a ṣe 100 sílẹ̀. Bí wọ́n bá tán tí ènìyàn kò tún ṣe ẹ̀dà, ẹ̀dà àtijọ́ kò lè ṣí èyí tuntun. Ní ọdún 2012 ni ètò kan jáde tí gbogbo wọn fi ń hù láti inú kóró kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ 12 yẹn ni kóró náà.

Ní àkókò òjò, fóònù mi já sínú kànga. N kò bẹ̀rù, ìwé ṣáà wà. Mo ṣí àpótí, àṣé òrùlé ti ń jò sí i! Ìdí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti parẹ́. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, owó ilẹ̀ wa ńkọ́?" Kí ni mo fẹ́ wí? Kò sí máníjà báńkì tí a ó lọ bẹ̀.

Mo sáré ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó bi mí pé lẹ́tà mélòó ló kù nínú wọn. Mo ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó pàtẹ́wọ́! Ó ní àwọn tí ó ṣe ètò náà ní ọdún 2013 ṣa ọ̀rọ̀ 2,048 jọ, kò sì sí méjì tí lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ wọn bá ara mu. A tẹ "umbr", "umbrella" ló jáde. Àṣé agbòjò gan-an ni òjò pa! A tò wọ́n tán, àpamọ́wọ́ kọ̀ ọ́: mo ti ṣi méjì tò. Àyẹ̀wò kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó máa ń mú ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. A tún wọn tò, owó wa sì yọjú, kọ́bọ̀ kò dín.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ṣe ọ̀rọ̀ 12 mìíràn, tí mo kó owó náà lọ síbẹ̀. N kò fura sí àbúrò mi o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kúrò láàrin tọkọtaya kì í ṣe àṣírí mọ́.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó ṣe ètò yìí ro ti òjò àti àṣìṣe ọwọ́ mọ́ ọn. Wọn kò lè bá wa ro ti ẹnu wa. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sí ibi méjì tí omi kò lè dé. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má sì kà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ àpamọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ibẹ̀ han ẹnì kan tí yóò jogún yín. Ẹni bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù.