Ọtí Olówó Tuntun

Ohun mẹ́ta ni olówó tuntun fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní agbègbè Ọ̀tà: ilé, ọkọ̀, àti ọtí. Ilé àti ọkọ̀ wúlò. Ti ọtí ni mo fẹ́ sọ.

Níbi ìṣílé kan ní Itele tí a pè mí sí láti gbàdúrà, tìlù-tìfọn ni wọ́n fi gbé ìgò ṣanpéènì wọlé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ó dùn. Iye owó rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Bàbá àgbà kan ní kí wọ́n bu ẹmu fún òun. Wọ́n wò ó bí ará oko. Ní ọjọ́ kẹta, mo pàdé ọmọ onílé náà lọ́nà ní àkókò ẹ̀kọ́: a ti lé e wálé nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́.

Orúkọ agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé ni Champagne. Òfin wọn ti ọdún 1927 ni ó pa ààlà ilẹ̀ tí àjàrà rẹ̀ tọ́ sí orúkọ náà. Bí ó ti ń hó kò yàtọ̀ sí bí ẹmu ti ń hó nínú akèrègbè. Ìwúkàrà ni ó ń sọ adùn di ọtí nínú méjèèjì. Àgbẹ̀ ni ó ń ṣe tọ̀hún, àgbẹ̀ ni ó ń dá tiwa. Kí ni a wá ń tijú ẹmu sí?

Èmi kò bá ọlọ́rọ̀ jà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa wí pé, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a san owó ẹ̀kọ́ ná, kí a tó ṣí ìgò.