Ìwé Ìpàdé Tí A Fọwọ́ Sí

Ìwé ìpàdé kan wà nínú àpótí wa tí a kì í fẹ́ ṣí mọ́. Ọwọ́ wa la fi kọ ọ́, nítorí àwa ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Parakou nígbà náà. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, a kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fẹnu kò láìsí àtakò. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó ta kò ó. Àwa náà kò ta kò ó.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Èkíní ni ayẹyẹ ogún ọdún ẹgbẹ́: àgọ́, àga, màlúù méjì, onílù, aṣọ ẹgbẹ́, àti àwòrán ńlá tí a ó fi sínú férémù fún bàbá ìsàlẹ̀ wa. Èkejì kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ nínú ìwé. Ọmọbìnrin kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó di olóògbé, wà ní kíláàsì Terminale. Ó jẹ gbèsè owó ilé tó ń gbé, kò sì tíì san owó ìforúkọsílẹ̀ BAC. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45,000 fáránkì. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ ju 600,000 lọ. Ààrẹ wa, àgbàlagbà tí a ń bọ̀wọ̀ fún, rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ayẹyẹ kọjá ná. Ọmọ kì í sá kúrò nínú ẹbí.» Ìforúkọsílẹ̀ náà yóò parí kí ọjọ́ ayẹyẹ tó pé, àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ èyí ju gbogbo ẹni tó jókòó lọ. A tẹríba, a ń kọ ìwé lọ. Bẹ́ńṣì àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la sì jókòó lé, nítorí kíláàsì la máa ń yá fún ìpàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣoore. Nígbà tí bàbá ọmọ yìí kú, ẹgbẹ́ ná 200,000 fáránkì sórí ìsìnkú rẹ̀: pósí, ọkọ̀ tó gbé e relé, aṣọ tí gbogbo wa dá, ẹni tó ya fídíò. Inú wa dùn, a ní ẹgbẹ́ wa kì í já ènìyàn kulẹ̀. Òkú ni a mọ̀ ọ́n náwó fún. Òkú kì í padà wá béèrè ìṣirò, èrò sì máa ń pọ̀ níbi ìsìnkú láti rí ẹni tó dáwó. Owó ilé ọmọ iléèwé kò ní aṣọ, kò ní fídíò, kò sì ní àga iwájú tí ọlọ́lá lè jókòó sí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá láàrin àwọn tí ń sọ èdè wa. Ní Iléṣà, ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ṣùgbọ́n kí a má tilẹ̀ rìn jìnnà. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1988–1989, ní orílẹ̀-èdè tiwa yìí, owó oṣù kò jáde mọ́, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún náà sì di année blanche. Ní àwọn ọdún 1990 tó tẹ̀ lé e, nígbà tí olùkọ́ ìjọba kò tó, àwọn òbí ló ń dáwó jọ láti sanwó fún àwọn enseignants communautaires. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ wa ní ìwé kíkà. Nígbà tí owó bá wọ́n, iṣu ni ìyá wa fi ń san ìpín tirẹ̀. Bí àwọn òbí yẹn bá ti sọ pé kí ayẹyẹ kọjá ná, a kì bá tí mọ ìwé ìpàdé kankan kọ lónìí.

Kí ló wá yí padà? Lójú tiwa, ìṣèlú wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Conférence nationale oṣù kejì ọdún 1990, ẹgbẹ́ òṣèlú di púpọ̀. Nígbà tí a sì dìbò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2002 sí 2003, ẹni tó ń wá ipò bẹ̀rẹ̀ sí í wá èrò tó wọ aṣọ kan náà. Èrò bẹ́ẹ̀ ṣe é kà bí ìbò. Ẹni tó bá lè kó wọn jọ sábẹ́ àgọ́ ti di ènìyàn pàtàkì, kò sì ní fẹ́ gbé àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òfin 1901 tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa fi forúkọ sílẹ̀, kò dá sí bí ààrẹ ṣe ń pààrọ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tiwa sọ pé ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ààrẹ wa ti lo ọdún mẹ́rìnlá. Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, ẹnìkan á kígbe pé «Kí wọ́n máa bá a lọ!», onílù á sì lùlù. A ti kígbe náà rí, ohùn wa sì lọ sókè dáadáa.

Nínú ẹgbẹ́ kan náà, àwọn obìnrin ń dá àjọ. Alájọ wọn kò kàwé. Síbẹ̀ kò sí oṣù kan tí ẹni tó kàn kò rí owó rẹ̀ gbà pé pérépéré, lójú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ìṣirò owó ẹgbẹ́ ńlá, tí àwa ọ̀mọ̀wé ń kọ, lẹ́yìn oúnjẹ la máa ń kà á, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wọn.

A kò sọ pé kí ayẹyẹ parẹ́. Ọmọ tí a bí sí Parakou, tó ń gbọ́ Baatɔnum àti Dendi ládùúgbò, tó ń kọ Faransé ní iléèwé, lè má gbọ́ oríkì rẹ̀ níbòmíràn ju ọjọ́ yẹn lọ. Ohun tí à ń bèèrè kéré: kí a ka ìṣirò kí oúnjẹ tó jáde, kí a sì yọ ti àwọn ọmọ iléèwé sọ́tọ̀ kí a tó háyà àgọ́. Bí ó bá ku màlúù kan, kí a jẹ màlúù kan.

Ayẹyẹ náà dùn. A jó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ jẹ gbèsè àga. Àwa àti àwọn olùkọ́ mélòó kan dá 45,000 náà jọ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ti parí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, a sì dá owó olówó padà.

Nígbà tí ó ṣe, a lọ ra ata ní ọjà Arzèkè, a bá ọmọbìnrin náà nídìí igbá tòmátì. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó wọn ata, ó bu èènì sí i, kò sì sọ̀rọ̀ ìdánwò. Bí a ti fẹ́ máa lọ, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú 1,500 fáránkì jáde. Ó ní ìyá òun ní kí òun fi í jíṣẹ́ fún wa, pé owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́ta ni, kí a jọ̀wọ́ kọ ìwé ẹ̀rí fún un. A gbé ìwé lé orúnkún, a kọ ọ́, a fọwọ́ sí i.