Kí A Tó Sọ Pé Ẹ́ńjìnnì Ti Nọ́ọ̀kì



Ọkọ̀ Toyota Celica kan wà lọ́wọ́ mi, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ní 1984 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi í sílẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ kéwú a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí Àáfà nínú rẹ̀.

Ní 2019, ọmọ mi àgbà gbé e láti Ìwó lọ sí Ìlọrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó dé, mo ṣíná sí i, ni ariwo bá sọ níwájú ẹ́ńjìnnì: gbà-gbà-gbà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo pè kò fetí sílẹ̀ pẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra òmíràn.

Mo bi ọmọ mi bóyá ó wo ọ́ìlì kí ó tó gbéra. Ó ní òun wò ó. Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu lásán ni mo fi ń dá sálámà rẹ̀ lóhùn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Suuratul-Hujuraat, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí a máa wádìí ìròyìn!

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú bàbá mẹkáníìkì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wá sílé. Ó ní, "Àáfà, ariwo inú ẹ́ńjìnnì pọ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni nọ́ọ̀kì. Ìgbà wo ni ó ń pọ̀ jù?" Mo ní àárọ̀ ni, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù. Ó mi orí.

Ó já wáyà pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá a padà. Bí ó bá jẹ́ pé bíárìn ìdí rọ́ọ̀dù kan ni ó jẹ, bí iná bá ti kú ní síláńdà tirẹ̀, ariwo yóò rọlẹ̀. Kò yí padà rárá. Ó wá fi ẹnu sikirudíráfà gígùn kan ti ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí. Nísàlẹ̀, jẹ́ẹ́. Lókè, fáàfù ń dún tíkí-tíkí díẹ̀. Nígbà tí ó kan ìdérí iwájú, ó ní kí èmi náà wá gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ká apá jalabíà mi kí fáànù má baà fà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí.

Ṣéènì ni. Òun ni ó so kíránkì mọ́ ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù, ike sì ni wọ́n fi tọ́ ọ sọ́nà nínú ẹ́ńjìnnì 22R yìí. Agbára ọ́ìlì ní ń mú ṣéènì le. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì a ti sàn kúrò níbẹ̀. Bí ike bá ti kán, ṣéènì á máa gbá ìdérí títí yóò fi dá a lu, omi á sì wọ inú ọ́ìlì. Ìgbà yẹn ni bíárìn yóò wá bàjẹ́ lóòótọ́.

Bàbá ṣí ìdérí òkè, ó tan tọ́ọ̀ṣì: ike apá òsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀, èérún ike dúdú ni a bá nínú rẹ̀, kò sí irin dídán kankan. Ó fi ṣéènì tuntun àti atọ́nà onírin sí i, ó tún fáàfù ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná: 0.20 mm fún èyí tí ń gba atẹ́gùn wọlé, 0.30 mm fún èyí tí ń tú èéfín jáde.

Ogbó ni ó pa ike náà, kì í ṣe ọ̀nà Ìlọrin. Èmi fúnra mi ti ń gbọ́ ṣàkà-ṣàkà láàárọ̀ fún bí oṣù kan kí ọmọ náà tó wa ọkọ̀, mo kàn dákẹ́ ni.

Mo pè é níwájú àwọn tí mo ti bú u, mo ní kí ó foríjì mí. Ó tẹríba, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ọkọ̀ náà wá fún yín." Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.