Ọbẹ̀ Tí Kò Lẹ́ran ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní ayé ìsinsìnyí tí owó ẹran ń sáré ju owó oṣù tíṣà lọ, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá ẹran nìkan ni owó ọbẹ̀ ń bá lọ. Ìdáhùn tí mo rí sí ìbéèrè yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti rí i ní àkókò ọlidé tó kọjá, mo sì gbà pé yóò wúlò fún gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ láti bọ́.

Ọ̀yọ́ ni mo ti wọ mọ́tò. Láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Bí a ti ń lọ ni igbó ń fà sẹ́yìn, tí ọ̀dàn ń gba ipò rẹ̀. Igi tí ojú ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ni máńgòrò, igi ẹ̀mí tí a ń ti ara èso rẹ̀ rí òrí, igi igbá tí ìrù ti ń wá, àti igi kajú lóríṣiríṣi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi igbá àti igi kajú yìí sọ́kàn, a ó tún bá wọn pàdé níwájú.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú àná. Ìtàn sọ fún wa pé Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, ni ó ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ ìlú ti jáde, Ògúnlọlá náà sì ni Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ní 1855 ni T. J. Bowen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, gbé ìwàásù dé ibẹ̀. Ní 1990 ni a dá Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo mọ ìlú náà mọ́, n óò dáhùn pé oúnjẹ ni. Ọkà láfún funfun nigínnigín, àti ẹ̀kọ lẹ́yìn rẹ̀: àní oríkì ìlú pàápàá kò gbàgbé àwọn méjèèjì.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni mo dé sí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ dìde, ẹ káàbọ̀. Àsìkò gan-an lẹ dé. Ọ̀la ni a ó se oúnjẹ ìwé.”

Mo ní, “Màmá, irú oúnjẹ wo ni oúnjẹ ìwé?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fà ìwé kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní London ló fi í ránṣẹ́. Ìwé ìdáná ni, àwòrán rẹ̀ sì ń dán bí ojú dígí. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀ kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí wàrà màlúù, kò tilẹ̀ sí oyin. Àwọn tó ń jẹun báyìí ni a ń pè ní vegan. Ní 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ yìí. Ní 1946 ni obìnrin kan, Fay K. Henderson, ti tẹ ìwé ìdáná jáde fún wọn. Àánú ẹranko ló ń ṣe àwọn mìíràn nínú wọn, ìlera ni àwọn mìíràn ń wá. Ti Màmá Nọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní, “Èmi kò bá màlúù ṣọ̀rẹ́ o. Owó ọbẹ̀ ni mo ń bá jà.”

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́rin péjọ sí ilé ìdáná: Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìyá Ẹlẹ́wà tó ń ta ẹ̀wà ní Ọjà Jagun, ìyá arúgbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, àti ìyàwó ọ̀dọ́ kan láti ilé kejì, tó pọn ọmọ rẹ̀ wá. Èmi ni mo ń ka ìwé, àwọn ni wọ́n ń se é.

Ìwé ní kí a fi álímọ́ńdì ṣe wàrà. Ta ni yóò rí álímọ́ńdì rà? Òfìò ni wọ́n rẹ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, ó sì dùn ju èyí tí à ń tú nínú agolo lọ. Ìwé ní kí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rọ́pò ẹyin nínú kéèkì. Wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kéèkì náà jókòó sínú páànù bí ìyàwó tó ń bínú, kò dìde. Nígbà tí a dé ibi tí ìwé ti ń ṣàlàyé ohun kan tó ń jẹ́ tofu, pé kí a rẹ sóyà, kí a lọ̀ ọ́, kí a sẹ́ ẹ, kí a gbé omi rẹ̀ kaná, kí a sì mú un dì, Ìyá Ẹlẹ́wà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ pa ìwé dé! Bẹ́síkẹ́ nìyẹn!”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí àwọn ará China ti ń jẹ láti ayébáyé, tí London ń tà ní owó gọbọi, òun ni àwọn ọmọdé ń gbé lórí kiri ìgboro wa, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní awara. Bí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń fi omi bòmubòmu mú wàrà màlúù dì, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́wà fi omi ògì kíkan mú omi sóyà dì. Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé òkúta lé e, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi ata àti iyọ̀ pa á, wọ́n sì dín in. N kò purọ́ fún yín, mo jẹ mẹ́jọ.

Ibi kajú ni ọkàn mi ti bàjẹ́ díẹ̀. Ìwé ní kí a lọ ẹ̀pà kajú kí ọbẹ̀ lè ki. Igi kajú pọ̀ yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, ìlú náà sì wà lára ibi tí òwò rẹ̀ ti múlẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú èèpo ni a ń dì í sínú àpò; èyí tó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vietnam àti India, kí wọ́n tó pa á níbẹ̀. Òróró inú èèpo rẹ̀ a máa bó ènìyàn lára, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fi eyín pa. Àwọn tó ń pa á nílé kò pọ̀, bí a bá sì rí i nínú ìgò, ó ti di ti olówó. Ẹ̀pà lásán ni Ìyá Ẹlẹ́wà lọ̀ dípò rẹ̀, ọbẹ̀ sì ki.

Àárín ọ̀sán ni Bàbá, ọkọ Màmá Nọ́ọ̀sì, wọlé. A gbé ọkà láfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú wọn, tí a fi ìrù, olú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sè. Wọ́n fi òkèlè wá inú àwo yípo, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Ẹran dà? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹran kì í ṣe oúnjẹ lásán, ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ òfìfo síwájú àlejò, a gbà pé ó rí i fín. Bàbá jẹun náà tán o, wọ́n sì fi ọwọ́ nu àwo. Màmá Àgbà ní, “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ta ní ń rí ẹran jẹ lójoojúmọ́? Ọjọ́ ọdún ni. Ìrù àti ẹ̀wà ló tọ́ wa dàgbà. Ẹ̀yin ẹ wá lọ kà á nínú ìwé.”

Bí wọ́n ti sọ èyí ni inú ìyàwó ọ̀dọ́ yẹn dùn. Ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá. Wọ́n ti ń dá mi lẹ́bi pé ẹ̀kọ nìkan ni mo fi ń bọ́ ọmọ mi. Bí àwọn ará London bá lè wà láìjẹ ẹran, ẹ̀kọ tó ọmọ mi nìyẹn.”

Màmá Nọ́ọ̀sì ò dá a lóhùn. Wọ́n ní kó sọ ọmọ náà kalẹ̀. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún méjì, ó sì ní àbúrò jòjòló nílé. Irun rẹ̀ ti ń pupa, ó ti fẹ́lẹ́; kò ṣeré, ó kàn ń sunkún jẹ́jẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìka kúrò, ojú ibẹ̀ kò dìde. Ó kòtò bí ibi tí a fi ìka tẹ lára ẹ̀kọ tutù. Ilé ìdáná pa rọ́rọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, wọ bàtà rẹ. Ilé ìwòsàn ni à ń lọ báyìí.” Wọn kò tilẹ̀ dúró jẹun.

Ẹ̀yin òǹkàwé, àìsàn yìí ni a ń pè ní kwashiorkor. Èdè àwọn ará Gáà ní Ghana ni orúkọ náà ti wá: àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e, tí a já a lẹ́nu ọmú, tí oúnjẹ gidi kò sì tẹ̀lé e. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló fi orúkọ yìí hàn fún gbogbo ayé ní 1935. Ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ burúkú, ṣùgbọ́n àgbàdo nìkan kò ní èròjà tó ń mú ara ọmọ dàgbà tó. Ohun tó kù fún àgbàdo, ẹ̀wà ní i. Ohun tó kù fún ẹ̀wà, àgbàdo ní i. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, fi jẹ́ ọgbọ́n àwọn ìyá wa, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé ìdáná jáde. Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀wà tiwa, èròjà yìí tó bíi 24. Nínú ti sóyà, ó tó bíi 40. Ní 1908 ni sóyà ti dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò tètè wọ ìkòkò wa. Ní 1987 ni ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń fi sóyà se oúnjẹ tiwa. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì sì ṣe ògì tí a pò mọ́ sóyà fún àwọn ọmọdé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Nọ́ọ̀sì padà dé, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti dá ọmọ náà dúró ní ilé ìwòsàn. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Tíṣà, kì í ṣe ẹran tí a yọ nínú ọbẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn. Ohun tí a kò fi rọ́pò rẹ̀ ni.” Mo mú gègé, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n tún fi kún un pé ohun kan wà tí ẹ̀wà àti sóyà pàápàá kò lè rọ́pò: fítámì B12. Ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó wà. A kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ewéko fún un. Ẹgbẹ́ àwọn vegan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń kìlọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n máa lo oògùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a ti fi sí. Ẹni tó bá yọ ẹran lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, tó ń jẹ ẹja tàbí ẹyin ní ọjọ́ yòókù, kò ní wàhálà; ẹni tó bá yọ gbogbo rẹ̀ pátá, àgàgà aláboyún àti abiyamọ, kí ó lọ rí dókítà.

Nígbà tí mo padà sí Ọ̀yọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí mo gbọ́ lórí tẹlifóònù pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ti fọn, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ìyá rẹ̀ wá ń kọ́ bí a ti ń ṣe bẹ́síkẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́wà, fún ilé àti fún títà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí owó ẹran kò bá sí, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ má sì yá owó nítorí àlejò. Ẹ fi ẹ̀wà sí i, ẹ fi ẹ̀gúsí àti ìrù sí i. Bí ẹ bá se sóyà, ẹ jẹ́ kó jinná dáadáa, nítorí tútù rẹ̀ kì í ṣe ara lóore. Èyí tó bá sì wà nínú ìkòkò lọ́jọ́ tí ẹran kéré, ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni kí ẹ kọ́kọ́ bù fún, kì í ṣe baálé. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ ń pupa, ẹ má dúró wá ẹ̀wà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ríjẹ tì.